Ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún

Òkun o, ẹ̀yin tèmi.

Èmi àti màámi gbé kóró kajú lọ tà ní Kàbbà láàárọ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á mú kóró kan, ó là á sí méjì, inú ẹ̀ ti dúdú. Màámi ti fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀, ló bá ní, "Ìyá, ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún ò ba àpò jẹ́." Ó sanwó, a relé.

Àtìgbà yẹn lọ̀rọ̀ náà ti ń dún létí mi. Torí ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún yìí gan-an ni wàhálà kọ̀ǹpútà kuántọ̀mù, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń fi ìṣesí àwọn nǹkan tíntìntín bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ìṣirò. Kajú tó bàjẹ́, ara ẹ̀ nìkan ló bà jẹ́. Àmọ́ ní ti spin (tó dà bíi mágnẹ́ẹ̀tì tíntín) ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí wọ́n há mọ́ inú sílíkọ́nì, ohun tí wọ́n fi ń ṣe chip kọ̀ǹpútà, gate (ìgbésẹ̀ ìṣirò) kan ń gun orí òmíràn ni. Bí gate kọ̀ọ̀kan bá ṣe déédéé nígbà 99 nínú 100, tó o wá to 100 tẹ̀ léra wọn, ìgbà bíi 37 péré nínú 100 ni gbogbo ẹ̀ máa lọ láìsí àṣìṣe. 37! Bẹ́ẹ̀ gate 100 ò tíì ṣe nǹkan kan.

Síbẹ̀... ọkùnrin tó ra kajú yẹn ò kúkú purọ́. Ní January 2022, yunifásítì Delft ní Netherlands, ilé ìwádìí RIKEN ní Japan àti yunifásítì UNSW ní Australia gbé iṣẹ́ wọn jáde pa pọ̀, gbogbo wọn ló ti ṣe déédéé kọjá 99% lórí gate oníqubit méjì nínú sílíkọ́nì (spin kọ̀ọ̀kan tó ń gbé ìsọfúnni ni qubit). Sílíkọ́nì-29, irú átọ́mù sílíkọ́nì kan tí spin wà nínú kókó ẹ̀, tó máa ń da ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rú, bíi márùn-ún nínú 100 ni nínú sílíkọ́nì lásán, sílíkọ́nì-28 tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀ ni wọ́n ń lò. Ìdí tí 99 yẹn fi ṣe pàtàkì ni pé nínú surface code, ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ qubit fi ń ṣọ́ àṣìṣe ara wọn, ibi bíi ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún yẹn ni ààlà wà: tí àṣìṣe gate bá ti kéré ju ìyẹn lọ, bí qubit tó ń ṣọ́ra wọn bá ṣe ń pọ̀ ni àṣìṣe á máa dínkù. Àpò ò bàjẹ́ mọ́ nìyẹn! Mo dìde jókòó nígbà tí mo rò ó débẹ̀.

Ṣùgbọ́n spin méjì, mẹ́ta nìyẹn o. Tí wọ́n bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ńkọ́, tí èyí tá a fi ń yí ọ̀kan padà wá ń kan èkejì lára... ọkàn mi ò balẹ̀. Ó ń dùn mí pé mi ò sí níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Rárá, kì í ṣe pé ó ń dùn mí, ó ń wù mí ni. Ó ń wù mí gan-an.