Mersey àti Ọ̀sà Èkó: Ta Ló Ni Etí Omi?

Ọmọ Èkó ni mí, Liverpool ni mò ń gbé báyìí. Omi ló sọ ìlú méjèèjì di ìlú ńlá, ọkọ̀ ojú omi sì ti ń rìn láàárín wọn tipẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Títí di 1972, ẹni tó bá wọ Aureol, ọkọ̀ akérò ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, létí Mersey, odò Liverpool, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ló máa fi dé Àpápá. Àwọn atukọ̀ ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní Liverpool tí wọn ò padà mọ́ wà lára àwọn tó tẹ àdúgbò Toxteth dó fún àwa èèyàn dúdú.

Ohun tí mo wá rí ni pé ní Liverpool, gbogbo ayé ló ni etí omi, ṣùgbọ́n agbára káká lẹ fi máa rí ẹni tó ń wọ inú omi ọ̀hún. Ní Èkó, omi fúnra rẹ̀ ló ń pe èèyàn wọlé, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó dé etí rẹ̀, ẹ ó kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tó dúró lẹ́nu géètì.

Ẹ wo Pier Head, etí omi láàárín ìgboro Liverpool, lọ́jọ́ Sátidé. Látibẹ̀ dé Royal Albert Dock, èbúté àtijọ́, ẹsẹ̀ lásán lẹ máa fi rìn ín, kò sì pẹ́. Ilé Royal Liver tí wọ́n ṣí ní 1911 wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹyẹ bàbà méjì lórí: ọ̀kan kọjú sí odò, èkejì kọjú sí ìgboro. Àwọn ará ìlú ní ọjọ́ táwọn ẹyẹ náà bá fò lọ, Liverpool ti parẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ní òyìnbó kì í gba ère gbọ́, kó wá síbí. Àga wà káàkiri, ọ̀fẹ́ ni. Bàbá àgbà kan jókòó pẹ̀lú ajá rẹ̀, àwọn ìyálọ́mọ ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́, ọmọdé kan ń jẹ pòtétò díndín nínú bébà, ẹyẹ òkun á sì balẹ̀ wàì, á já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ó di ẹkún. Kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ ra mínírà kẹ́ ẹ tó jókòó. Ṣẹ́ẹ̀nì tí wọ́n fi ṣe ọgbà sétí omi ni mo máa ń dúró wò jù. Àgádágodo làwọn olólùfẹ́ fi há a látòkè délẹ̀, wọ́n kọ orúkọ àti déètì sí i lára. Òmíràn ti dípẹtà débi pé orúkọ ìyàwó ti pa rẹ́, tọkọ nìkan ló kù.

Dock náà gan-an, 1846 ni wọ́n ṣí i. Bíríkì, irin àti òkúta ni wọ́n fi kọ́ ilé ìkẹ́rù rẹ̀, wọn ò fi igi sí i, kí iná má baà jó òwú àti ọtí àwọn oníṣòwò. Ìdí wà tí wọ́n fi mọ odi yí omi rẹ̀ ká tí wọ́n sì fi géètì sí i. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà tí omi Mersey kún àti ìgbà tó fà lè tó mítà 10. Ọkọ̀ tí ò bá sí lẹ́yìn géètì nígbà tí omi bá fà, orí ẹrọ̀fọ̀ ló máa jókòó sí. Tiwa l'Ékòó kì í fi bẹ́ẹ̀ ju mítà kan lọ. Ẹ ò rí i pé àwọn ará Mákòókó lè ri òpó mọ́ inú ọ̀sà, kí wọ́n kọ́lé lé e, kí wọ́n sì sùn lálàáfíà? Ẹni tó bá dán irú ẹ̀ wò nínú Mersey, ọ̀run alákeji ló ń wá.

Ìyẹn náà ló jẹ́ kí omi ibí jẹ́ ìwòran. Ní Crosby, níbi tí odò ti ń bọ́ sí òkun, ère irin 100 ló dúró káàkiri inú iyanrìn láti 2005, iṣẹ́ ọwọ́ Antony Gormley. Gbogbo wọn kọjú sí òkun. Omi á bo àwọn kan mọ́lẹ̀, á tún ṣí wọn sílẹ̀. Ó wù mí í wò púpọ̀. Ṣùgbọ́n ká ní etíkun tiwa ni, wọn ì bá ti so aṣọ funfun mọ́ díẹ̀ nínú wọn lọ́rùn, àwọn tó ń ra irin àlòkù ì bá sì ti gbé ìyókù lọ. Pátákó ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ pé kéèyàn má rìn jìnnà, torí ẹrọ̀fọ̀ máa ń gbé èèyàn mì. Lóṣù Keje pàápàá, kóòtù mi kì í kúrò lọ́rùn mi.

Ẹ jẹ́ ká délé. Bar Beach tí àwa mọ̀, pẹ̀lú ẹṣin, àgbàdo àti àwọn aládùúrà aláṣọ funfun, kò sí mọ́, ìtàn rẹ̀ sì gùn. Ní 1908 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọ inú òkun lẹ́nu ọ̀nà ọ̀sà, kí ọkọ̀ ńlá lè rọ́nà wọ èbúté. Òkúta yẹn dá iyanrìn tí ìgbì ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn dúró. Ìwọ̀ oòrùn ń gba iyanrìn kún, òkun sì ń jẹ Victoria Island díẹ̀díẹ̀, títí omi fi ń ya wọ Ahmadu Bello Way. Eko Atlantic ni wọ́n wá fi iyanrìn kún síbẹ̀ lẹ́yìn odi òkúta, ìlú àwọn olówó. Ní 2024, iṣẹ́ ọ̀nà Èkó sí Calabar tún gba ibòmíràn tá a máa ń lọ.

Ibi tó kù wá di ti owó. Owó ìwọlé, owó páàkì, owó àga, owó ìbòòrùn. Ọmọkùnrin kan tí kò wọ yunifọ́ọ̀mù á tún ní òun lòun ń ṣọ́ mọ́tò yín. Inú máa ń bí mi, mi ò purọ́, torí ọmọ tí òbí ẹ̀ ò lówó lè dàgbà ní Ajégúnlẹ̀ láì fẹsẹ̀ kan òkun.

Ṣùgbọ́n ẹ wọlé tán, ẹ ó rí ohun tí Liverpool ò ní. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́. Èéfín súyà ń gba ibì kan kọjá, ẹlẹ́ṣin ń pè yín láti ibì kejì. Obìnrin aládùúrà kan kúnlẹ̀ sétí ìgbì, ó ń bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì pẹ̀lú ọpọ́n kékeré, ìgbì á dé, á gba ọpọ́n náà lọ́wọ́ ẹ̀, òun náà á sáré gbà á padà, kò dá àdúrà dúró. Èèyàn ń bá òkun lò níbẹ̀. Ó léwu lóòótọ́. Omi abẹ́ ń fa èèyàn lọ, òkun kì í sì í hó ruru ká wà á ruru. Ẹni tó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, kó wọ ọkọ̀ láti CMS lọ sí Tarkwa Bay, níbi tí òkúta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ti ń dá ìgbì dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ìgbà táwọn ológun ti lé àwọn tó ń gbébẹ̀ jáde ní January 2020, ojú ọgbẹ́ ni mo fi ń wo ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà yàtọ̀. Fẹ́rì Mersey ti di ti àlejò. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ odò láti 1886 làwọn òṣìṣẹ́ ń wọ̀. Ní Ìkòròdú, àtilọ síbi iṣẹ́ ni ọkọ̀ omi wà fún, nítorí gosílóò.

Ohun kan wà táwọn ìlú méjèèjì ò lè gbàgbé. Ọkọ̀ Liverpool kó èèyàn wa tó lé ní mílíọ̀nù kan sọdá òkun kí wọ́n tó fòfin de òwò ẹrú ní 1807. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nípa ẹrú tí wọ́n ṣí ní 2007 wà létí Albert Dock, wọ́n ti tì í fún àtúnṣe láti 2025. Ó kún fún ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, Àgbádárìgì ló mú mi lọ́kàn jù: ẹ ó wọ ọkọ̀ sọdá sí Gberefu, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú lọ sínú ọkọ̀, ẹ ó fẹsẹ̀ rin iyanrìn gbígbóná yẹn títí dé òkun, kò sí gíláàsì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láàárín ẹ̀yin àti ìtàn náà.

Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ mú kóòtù tí ò jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, ẹ fi owó ọkọ̀ nìkan sápò. Tó bá jẹ́ pé Èkó lẹ̀ ń lọ, owó kéékèèké lẹ máa mú, nítorí nẹ́tíwọ̀kì POS kì í fẹ́ràn iyanrìn, kẹ́ ẹ sì wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì yẹn kódà bó bá ń rùn.