Dúdú tó ń fà lára àwòrán Màmá

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ní oṣù keje tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan tí mo tẹ àwòrán ìyá rẹ̀ fún pè mí láti Ogidi ní Ìpínlẹ̀ Kogi. Ó ní, "Àbúrò, gíláàsì ojú àwòrán Màmá ti ń làágùn." Mo rò pé òjò ló jò lé e lórí. Nígbà tí mo débẹ̀ láti Kàbbà, mo rí i pé inú gíláàsì ni ìkùukùu náà wà, kì í ṣe ìta. Ibi tí Màmá ti ró aṣọ aró ló ti ki jù, ó sì gùn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Ògiri funfun tó wà lẹ́yìn wọn mọ́ kedere.

Ó dùn mí wọra. Màmá yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ìdí òfì ni mo ti yà wọ́n, ọwọ́ wọn sì wà lórí òwú. Ogidi ni ìlú Nike Okundaye tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àdìrẹ, ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí orúkọ wọn kò jáde pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n mọ aró ju bí mo ṣe mọ kámẹ́rà lọ. Mi ò fẹ́ kí àwòrán irú ìyá bẹ́ẹ̀ bà jẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ohun tó fa ìkùukùu náà nìyí. Omi nìkan kọ́ ló wà nínú yíǹkì. Wọ́n po èròjà kan bí òróró mọ́ ọn, kí yíǹkì má baà gbẹ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Omi máa ń gbẹ kíá, ìyẹn la ṣe ń fọwọ́ kan àwòrán tí a ó sì rò pé ó ti parí. Èròjà kejì yìí kì í yára. Bí a bá fi gíláàsì dé e mọ́lẹ̀ kó tó jáde tán, gíláàsì ló máa lọ lẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí mo tẹ àwòrán yẹn gan-an ni mo fi sínú férémù, torí ẹ̀gbọ́n ń kánjú.

Mo gbé e padà sí sítúdíò, mo ní kí n tún òmíràn tẹ̀. Bébà onówùú ni mo lò tẹ́lẹ̀, èyí tí kì í dán. Lọ́tẹ̀ yìí mo mú èyí tó ń dán díẹ̀. Ó jáde dáadáa lójú, àfi ìgbà tí mo fi àtàǹpàkò kan ìró Màmá, tí dúdú fà gbọọrọ bí èédú ìkòkò. Mo ní kò tíì gbẹ. Mo tan fáànù sí i. Mo gbé e sí oòrùn díẹ̀, bébà sì ká kò bí ewé gbígbẹ (ẹ má ṣe é láé). Ní ọjọ́ kẹta, ó ṣì ń fà.

Ibẹ̀ ni ojú mi là. Yíǹkì tí kò gbẹ máa ń sàn díẹ̀díẹ̀ bí wákàtí ṣe ń lọ. Èyí tí kò bá sàn rárá lẹ́yìn ọjọ́ kan, gbígbẹ kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Ńṣe ni yíǹkì àti bébà kọ ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi aró àti osùn ṣàlàyé rẹ̀. Oríṣi yíǹkì méjì ló wà, dye àti pigment. Dye dàbí aró, ó ń wọ inú bébà lọ bí aró ṣe ń wọ òwú. Pigment dàbí osùn, ìyẹ̀fun kúnná ni, ojú bébà ló ń jókòó sí. Pigment ni mo ń lò torí kì í tètè ṣá. Dúdú méjì ló wà nínú ẹ̀rọ mi: matte black fún bébà tí kì í dán, photo black fún èyí tó ń dán. Orúkọ bébà tí a bá yàn lórí kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rọ fi ń mọ dúdú tó máa lò àti ìwọ̀n yíǹkì tó máa dà. Mi ò yí i padà kúrò lórí bébà onówùú. Matte black ló dà sórí bébà dídán, kò sì rí nǹkan dì mú.

Mo gé bébà kékeré, mo tẹ àmì dúdú mẹ́rin sí i, ètò ọ̀tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi òwú funfun nù wọ́n lẹ́yìn wákàtí kan, wákàtí mẹ́fà, àti wákàtí 24. Èyí tí mo yan orúkọ bébà rẹ̀ bó ṣe yẹ nìkan ni òwú kò mú nǹkan kan lára rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ojú tó yẹ kí ẹ tẹ̀ lára bébà, ẹ fi ìka tí omi kàn díẹ̀ kan etí rẹ̀: ojú tó bá lẹ̀ mọ́ ìka ni. Bó bá jẹ́ etí bébà nìkan ni yíǹkì ti ń ta ilà, bébà ló ká sókè tí ẹnu ẹ̀rọ ń gbá a. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kí ẹ tó lò ó.

Òjò náà ní ìpín tirẹ̀. Aago kékeré tí mo fi ń wọn ọ̀rinrin ń kà tó 84 nínú ọgọ́rùn-ún ní yàrá mi lóṣù keje, nígbà tó jẹ́ pé kì í tó 35 bí ọyẹ́ bá dé. Bébà ń mu ọ̀rinrin. Mo wá ń fi tèmi pamọ́ sínú ọ̀rá tí mo dì lẹ́nu, ẹyọ tí mo bá fẹ́ lò nìkan ni mò ń yọ.

Ohun tó ká mi lára jù ni awọ ara wa. Ibi tó bá dúdú ni yíǹkì ti ń pọ̀ jù, ojú wa gan-an ló sì dúdú. Nítorí náà ojú àwọn èèyàn wa ló ń kọ́kọ́ fà, òun ló sì ń gbẹ kẹ́yìn. Àwọn kan máa ń mú kí ojú mọ́lẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá ẹnikẹ́ni. Mò ń dín ìwọ̀n yíǹkì kù díẹ̀ lórí ètò, mo sì ń dúró.

Mo tẹ ẹ̀kẹta sórí bébà onówùú, mo fi bébà funfun lásán bò ó kó lè fa èròjà bí òróró yẹn jáde. Lọ́jọ́ kejì, bébà tó bò ó ti rún, mo pààrọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, èyí tí mo gbé lé e kò rún mọ́. Mo di àwòrán náà láìtíì fi sí férémù, mo gbé e lọ sí Ogidi kí Màmá fúnra wọn kọ́kọ́ rí i.

Mo gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀. Kí n tó lè sọ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, wọ́n ti fi àtàǹpàkò ra ìró aró inú àwòrán, bí wọ́n ṣe ń dán aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ìkòkò aró jáde wò. Wọ́n gbé àtàǹpàkò náà súnmọ́ ojú, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n ní, "Ó mú."