Bí Họ́ọ̀nù Ọkọ̀ Bá Yadi Lẹ́yìn Òjò

Họ́ọ̀nù tó ń dún ketekete kí òjò tó rọ̀, tó wá yadi nígbà tí òjò dá, kì í sábà jẹ́ họ́ọ̀nù tó ti kú. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi ló wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ìpẹtà ló gba ojú ibi tí áàtì rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, ti ń kan ara ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ má tíì náwó sórí tuntun. Èèyàn á ra tuntun, á dè é mọ́ irin tó ti dípẹtà yẹn kan náà, kò sì ní dún.

Etí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kan máa tẹ họ́ọ̀nù nínú ọkọ̀, kí ẹ̀yin dẹtí sí àpótí fíúùsì. Bí rìléè, ìyẹn súìṣì kékeré tó ń gbé iná fún họ́ọ̀nù, bá ń dún tá-tá, bọ́tìnì orí sítíárìn ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ kọjá sídìí họ́ọ̀nù. Bí rìléè ò bá dún rárá, ẹ yọ fíúùsì wò. Áńpù 10 tàbí 15 ló sábà máa ń jẹ́, ẹ ó rí i lára ìdérí àpótí náà. Nọ́ńbà yẹn gan-an ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ki 30 tàbí wáyà lásán bọ ibẹ̀ ń pe iná sí ọkọ̀ rẹ̀ ni. Bí tuntun bá tún jó, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lára họ́ọ̀nù, kí ẹ fi fíúùsì mìíràn sí i, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá jó mọ́, inú họ́ọ̀nù ni àbùkù wà. Bí ó bá ṣì jó, wáyà kan ti bó níbì kan, ó ń kan irin. Bí fíúùsì bá dára, ẹ fi rìléè mìíràn tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá a mu pààrọ̀ rìléè yẹn wò.

Họ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ sábà máa ń wà lẹ́yìn gíríìlì tàbí lẹ́yìn bọ́ńpà, níbi tí omi táyà ọkọ̀ iwájú àti páǹpù àwọn tó ń fọ ọkọ̀ ti ń bá a tààrà. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun kan bí ìyẹ̀fùn tó láwọ̀ ewé, ìpẹtà bàbà nìyẹn. Ẹ fi sáńpépà tó kúnná ha á kúrò títí tí irin yóò fi máa dán.

Ọ̀rọ̀ áàtì ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Họ́ọ̀nù tó ní ẹsẹ̀ wáyà kan ṣoṣo ń gba áàtì láti ara bóòtù tí wọ́n fi dè é. Ẹ fa wáyà láti orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, ẹ fi kan irin ara họ́ọ̀nù, kí ẹnì kan tẹ̀ ẹ́. Bó bá pariwo, ẹ ti rí i. Ẹ tú bóòtù náà, ẹ ha ẹ̀gbẹ́ méjèèjì irin tó ń fara kanra, kí ẹ dè é padà kó le dáadáa. Lẹ́yìn tó bá le tán ni kí ẹ tó fi gírììsì bo òde rẹ̀, nítorí gírììsì kì í gbé iná.

Iná tẹ́sítà tí wọ́n fi ń wò bóyá iná dé ibì kan náà lè parọ́. Gílóòbù kékeré rẹ̀ kò gba iná púpọ̀, bẹ́ẹ̀ họ́ọ̀nù kan lè fa áńpù 4 tàbí 5. Wáyà tó ti jẹrà kù fọ́nrán kan tàbí méjì á tan gílóòbù, kò sì ní lè gbé họ́ọ̀nù, bíi páìpù tó dí tó ṣì ń kán tó-tó. Mítà tó ń wọn fóòtì ni kí ẹ lò, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì sì wà lára họ́ọ̀nù nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́, kí ẹ rí fóòtì 11 sókè. Bí ẹ bá rí 8 tàbí 9, wáyà tàbí áàtì ló ń jẹ iná yòókù.

Bí iná àti áàtì bá pé tí kò sì dún, ìgbà yẹn ni ẹ̀sùn tó kan họ́ọ̀nù. Ẹ fi èkù sukurudiráfà gbá a pẹ́pẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́. Bó bá sọ̀rọ̀, pọ́íǹtì inú rẹ̀, ìyẹn irin kéékèèké tó ń so iná tó sì ń já a, ló lẹ̀. Àwọn họ́ọ̀nù kan ní sukúrù kékeré lẹ́yìn tí wọ́n fi ń tún ohùn wọn ṣe. Ẹ sàmì sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́rin òbírí lọ, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré kí kọ́ìlì má baà gbóná. Bí ohùn rẹ̀ bá há bíi pé omi wà nínú rẹ̀, ẹ tú u, ẹ dorí ẹnu rẹ̀ kodò, kí ẹ sá a sóòrùn títí tí yóò fi gbẹ. Ẹ má yan án lórí iná, ẹ má sì da ọ́ìlì sínú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń dè é padà, ẹ kọjú ẹnu rẹ̀ sísàlẹ̀. Àwọn kan máa ń kọjú ẹ̀ sókè torí pé sípánà tètè ń dé bóòtù báyẹn. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ lẹ́yìn náà ni yóò máa bu omi sí i.

Bí iná airbag (àpò afẹ́fẹ́ inú sítíárìn tó ń fẹ̀ bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan) bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ní àsìkò kan náà tí họ́ọ̀nù yadi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wáyà wíwé inú sítíárìn ló já; òjò kọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan sítíárìn yẹn láìjẹ́ pé ẹ ti kọ́kọ́ tú orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, tí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan.