Èmi gan-an ni mò ń lé labalábá tí mò ń wá

Ẹ jẹ́ kí n kúkú jẹ́wọ́. Odindi ọdún kan ni mo fi ń ráhùn pé labalábá kì í yà sí ọgbà mi. Mo gbin efinrin, mo gbin míǹtì, táìmù, parsley, fennel, gbogbo ewé tó bá ṣáà ti ń ta sánsán ni mo rọ́ síbẹ̀, labalábá á kàn fò kọjá bí ẹni tó jẹ mí lówó.

Èmi ni mo sì ń lé wọn o.

Ẹ wo efinrin yẹn. Tó bá ti fẹ́ yọ òdòdó báyìí ni mo máa ń já a lórí, torí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ lèèyàn á ṣe máa rí ewé dáadáa, òótọ́ sì ni, tó bá jẹ́ ewé lẹ ń wá. Àmọ́ labalábá ò wá ewé, omi dídùn inú òdòdó ló ń wá, ẹnu ẹ̀ ò ju okùn tín-ín-rín kan tó ká jọ lọ, tó bá ti bà lé òdòdó lá tú u, á wá fi fà á mu. Mo wá fi ìdí efinrin méjì sílẹ̀ láì gé, oyin ló kọ́kọ́ dé, kí n tó mọ̀ labalábá ti ń tẹ̀ lé e. Òdòdó míǹtì àti ti táìmù náà dáa fún wọn (ẹ jọ̀ọ́, inú ìkòkò ni kẹ́ ẹ gbin míǹtì sí o, gbòǹgbò ẹ̀ máa ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, kì í gbé ojú kan). Ibi tí oòrùn ti ń pa ni kẹ́ ẹ lò, torí tára labalábá bá tutù kò lè fò.

Èyí tó dùn mí jù ni ti fennel. Kòkòrò aláwọ̀ ewé kan máa ń jẹ ẹ́, ó nílà dúdú lára, bí mo bá ti rí i, bàtà ni. Mi ò mọye tí mo tẹ̀ pa. Ọjọ́ kan mo fi igi tọ́ ọ̀kan, ló bá na ìwo méjì aláwọ̀ ọsàn jáde lẹ́yìn orí, òórùn kan wá sọ, mo sá sẹ́yìn! Ìyẹn ló jẹ́ kí n lọ wádìí. Àṣé ọmọ labalábá ni, ti labalábá ńlá onírù tí wọ́n ń pè ní swallowtail, ìwo yẹn ló fi ń lé èèrà.

Ìyá wọn kì í sì í ṣàdédé yé ẹyin síbi tó bá rí. Ẹsẹ̀ ló fi ń tọ́ ewé wò, tí kì í bá ṣe èyí tọ́mọ ẹ̀ lè jẹ, á fò lọ ni. Fennel, parsley àti dill wà lára èyí tí tiwọn ń jẹ.

Ìdí fennel mẹ́ta ni mo ní báyìí, ọ̀kan fún mi, méjì fún wọn, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ kanlẹ̀. Mi ò fín oògùn kankan mọ́. Mo rí ọ̀kan tó fi okùn tín-ín-rín so ara ẹ̀ mọ́ igi, ó fara tì sẹ́yìn bí ẹlẹ́mu lórí igbà, ó bọ́ awọ, ó wá dákẹ́ síbẹ̀ bí ewé gbígbẹ. Ọjọ́ 13 ni mo fi ń yọjú wò ó. Ìgbà tó jáde, ìyẹ́ ẹ̀ tutù, ó rún bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún, ó rọ̀ síbẹ̀ títí ìyẹ́ fi nà, ló bá gbéra, kò tiẹ̀ yà dé ọ̀dọ̀ efinrin mi. Aláìmoore!

Láàárọ̀ yìí mo rí ẹyin méjì lórí parsley, wọn ò tóbi ju orí píìnì lọ. Mo ti ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan parsley yẹn.