Táyà Tó Sáré Ju Ọ̀gá Rẹ̀ Lọ

Tírélà tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tó ń kó sìmẹ́ńtì o. Kékeré tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀ ojú omi lọ sétí ọ̀sà ni, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ó ti wà lẹ́yìn ilé ọ̀gá kan ní Ajah títí koríko fi gba àárín sípíríǹgì rẹ̀ yọ. Ni ọ̀gá bá ní kí wọ́n sọ ọ́ dọ̀tun.

Bàbá mẹkáníìkì tó ránṣẹ́ pè mú hámà kékeré, ó ń kan irin náà láti orí dé ìdí. Ibi tó bá dún gbaun, irin ṣì wà níbẹ̀. Ibi tó bá dún pọ̀, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán, ọ̀dà nìkan ló kù. Inú ni irin onígun mẹ́rin bẹ́ẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, torí omi tó bá wọ ihò rẹ̀ kì í rọ́nà jáde, omi ọ̀sà Èkó sì máa ń níyọ̀ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n gé ibi tó ti jẹ, wẹ́dà jó irin tuntun mọ́ ọn, wọ́n lu ihò sísàlẹ̀ kómi lè máa ro dànù. Bóòtù tó di sípíríǹgì mú kò gbọ́ kẹrosíìnì, kò gbọ́ iná. Wọ́n gé e dànù, wọ́n ra tuntun. Ìyẹn dáa. Ẹni tó bá tún irú bóòtù bẹ́ẹ̀ lò ń wá wàhálà.

"Ọ̀gá," Bàbá ní, "ó ku họ́ọ̀bù, irin àárín tí táyà so mọ́. Ẹ jẹ́ á tú u."

"Bàbá, ta ló ń wo họ́ọ̀bù? Ẹ bá mi pe pẹ́ńtà."

Pẹ́ńtà mọṣẹ́, ká má purọ́. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí ó fi ń dán, ó fi ásíìdì tó ń pa ìpẹtà ra á títí ó fi dúdú, ó ṣàn án, ó jẹ́ kó gbẹ. Rẹ́ẹ̀dì ọ́ksáìdì, ọ̀dà ìpìlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀dà búlúù ẹ̀ẹ̀mejì. Àmọ́ ó kun ibi tí wáyà iná ti ń fara kan irin mọ́ ọn, ni iná ẹ̀yìn ò bá tàn mọ́, àfi ìgbà tí wọ́n ha ojú ibẹ̀ padà. Ó kun ọmọrí họ́ọ̀bù, ó kun nọ́ọ̀tì. Díẹ̀ ló kù kó kun ológbò tó sùn sábẹ́ ibẹ̀.

Họ́ọ̀bù tẹ́nikẹ́ni ò wò yẹn, béárìn méjì méjì tó ń jẹ́ kó yí ló wà nínú ẹ̀, síìlì tí kì í jẹ́ kómi wọlé sì dé e lẹ́yìn. Tí tírélà bá rìn jìnnà, họ́ọ̀bù á gbóná. Tí wọ́n bá wá tì í wọ omi tútù, atẹ́gùn inú ẹ̀ á sún kì, á sì fa omi gba ẹ̀gbẹ́ síìlì tó ti gbó wọlé. Gírísì á funfun bí ògì, béárìn á dípẹtà. Iṣẹ́ tí Bàbá fẹ́ ṣe ò lè gba ọjọ́ kan tán: kó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, béárìn tójú ẹ̀ bá ti ní ihò wẹ́wẹ́, kó pààrọ̀ ẹ̀ tòun ti òrùka irin tó ń yí nínú ẹ̀, kó fàtẹ́lẹwọ́ ki gírísì tómi kì í fọ̀ sí i títí á fi yọ lódì kejì, kó fi síìlì tuntun sí i, kó máa yí ẹsẹ̀ náà bó ṣe ń fi sípánà di nọ́ọ̀tì, kó tú u díẹ̀, kó wá fọwọ́ lásán dì í padà, kó ki píìnì tuntun bọ̀ ọ́.

Ní Sátidé, ọ̀gá so ó mọ́ jíìpù, ó dorí kọ Ẹ̀pẹ́. Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ké fíìn-fíìn lẹ́yìn. Ọ̀gá yí fújì sókè. Òórùn jíjó dé. Ọ̀gá yí gíláàsì sókè. Nígbà tó yá, táyà kan yí gba apá ọ̀tún kọjá, kò wẹ̀yìn.

"Ẹ wo táyà ẹni ẹlẹ́ni!" ọ̀gá sọ fún ìyàwó ẹ̀. "Àwọn èèyàn kì í tọ́jú mọ́tò wọn."

"Dádì, ṣé kì í ṣe búlúù lọmọrí ẹ̀ yẹn?"

Kó tó dáhùn, tírélà ti jókòó sí títì, iná ń ta pàrà lẹ́yìn wọn. Ọlọ́kadà kan ló gbé táyà náà padà wá, ó ní ó ti ń dúró dè wọ́n ní bọ́sítọ́ọ̀pù, ó sì gba owó ọkọ̀ ẹ̀.

Bàbá dé, ó wo ìdí irin tí táyà ń yí lé, ó mirí. Kò kan béárìn mọ́: òrùka inú ẹ̀ ti jó lẹ̀ mọ́ irin, iná sì ti ba agbára irin náà jẹ́. Odindi ásù, irin gbọọrọ tó gbé táyà méjèèjì, ni wọ́n máa pààrọ̀. Pẹ́ńtà tó bá Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Irin náà ti gbóná títí ó fi di búlúù.

"Ọ̀gá," ó ní, inú sì ń bí i díẹ̀, "ta lẹ tún gbéṣẹ́ fún lẹ́yìn mi? Búlúù tèmi kọ́ nìyí."