Òdo Ni Iye Sìgá Màmá

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń gbọ́ ikọ́ Màmá láti òkè àjà yàrá mi lóru. Aládùúgbò mi ni wọ́n, ará Ṣáínà, wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, a sì jọ ń gbé ilé kan náà ní San Francisco: àwọn lókè, èmi nísàlẹ̀. Dókítà àkọ́kọ́ ní eruku ni ara wọn kọ̀. Èkejì kọ oògùn òtútù àyà fún wọn. Lọ́jọ́ tí mo bá wọn lọ, nọ́ọ̀sì ń bi wọ́n ní ìbéèrè, ọmọ wọn obìnrin sì ń túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tó kan “Ṣé ẹ máa ń mu sìgá?”, Màmá mirí, nọ́ọ̀sì tẹ nǹkan kan lórí kọ̀ǹpútà, ó sì bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn. Ẹnikẹ́ni kò tún fojú jẹjẹrẹ wo ikọ́ yẹn mọ́. Kí wọ́n tó ya àwòrán àyà wọn, àrùn náà ti kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó ti wọ eegun ẹ̀yìn.

Mo kọ́kọ́ rò pé tiwọn ṣèèṣì ni, àṣé bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú àwọn obìnrin Amẹ́ríkà tí ìran wọn ti Éṣíà wá tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró mú, ó ju ìdajì lọ tí kò fi sìgá kan ẹnu rí. Láàárín àwọn ìran Ṣáínà àti ti Índíà, ó ju 80 lọ nínú 100. Síbẹ̀, ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà láti 2021 ni pé ẹni ọdún 50 sí 80, tó ti mu sìgá tó páálí kan lójúmọ́ fún 20 ọdún, tó sì ṣì ń mu ún tàbí tí kò tíì ju ọdún 15 lọ tó ti jáwọ́, ni kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ CT, tó ń ya àwòrán inú ara, yẹ àyà rẹ̀ wò lọ́dọọdún láti tètè rí jẹjẹrẹ náà. Sìgá nìkan ni ìlànà náà ń kà. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ òdo kò sí nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé àrùn yìí ti pa ìyá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Kí ló wá ń fà á? Ní Xuanwei, ní ẹkùn Yunnan ní Ṣáínà, àwọn obìnrin tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mu sìgá ń kú ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ju ti ọ̀pọ̀ ibòmíràn ní orílẹ̀-èdè náà lọ, nítorí pé èédú eléèéfín tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ni wọ́n fi ń dáná nínú ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìsí ibi tí èéfín ń gbà jáde. Nígbà tí wọ́n ṣe ihò èéfín sí àwọn ààrò náà, ewu náà dín kù lọ́nà tó hàn kedere. Àjọ IARC, tó ń wádìí jẹjẹrẹ fún àjọ ìlera àgbáyé, ti ka èéfín èédú inú ilé mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ, ó sì ka èéfín òróró tó gbóná janjan mọ́ ohun tó ṣeé ṣe gidigidi kó máa fà á. Mo mọ ilé ìdáná Màmá dáadáa. Àfi kí òróró inú agbada irin wọn máa rú èéfín kí wọ́n tó da ẹ̀fọ́ sí i. Ọ̀dà ti lẹ fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ pa, ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Èmi kò ní sọ pé agbada ló fà á, nítorí kò sí ẹni tó lè fìdí ìyẹn múlẹ̀ lórí ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnì kan ti béèrè.

Ọ̀rọ̀ jíìnì náà tún wà níbẹ̀. Nínú irú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n ń pè ní adenocarcinoma, nǹkan bí ìdajì àwọn aláìsàn ìlà-oòrùn Éṣíà ló ní àyípadà nínú jíìnì EGFR, èyí tó ń darí bí sẹ́ẹ̀lì ara ṣe ń dàgbà, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 15 nínú 100 ni láàárín àwọn aláwọ̀ funfun. Nínú kókó jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ ni àyípadà yìí ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀. A kì í sábà bí i mọ́ ènìyàn. Màmá ní in, ìdí nìyẹn tí hóró osimertinib kan lóòjọ́, oògùn tó ń dojú kọ àyípadà náà, fi mú ikọ́ wọn rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

N kò sọ pé kí a fọwọ́ rọ́ sìgá sẹ́yìn o. Orúkọ kan ṣoṣo ni “ará Éṣíà”, ènìyàn tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì dọ́gba: láàárín àwọn ọkùnrin tó wá láti Vietnam àti Kòríà, sìgá pọ̀, òun náà ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ibi náà. Àwọn ọmọbìnrin tí a bí sí Amẹ́ríkà pàápàá sábà máa ń mu ún ju àwọn ìyá wọn lọ.

Ní Táíwánì, ìjọba bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ní 2022 fún amusìgá paraku àti fún ẹni tí òbí, ọmọ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ti ní àrùn náà, kódà bí kò mu sìgá rí. Ṣáájú èyí, wọ́n ti yẹ àwọn tó lé díẹ̀ ní 12,000 wò, tí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò mu sìgá rí ṣùgbọ́n tí wọ́n ní ewu mìíràn, wọ́n sì rí jẹjẹrẹ lára 2.6 nínú 100. Àwọn dókítà kan ní díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n rí kì bá tí pa ẹnikẹ́ni láéláé, pé iṣẹ́ abẹ lásán ni yóò yọrí sí. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ wọn wúwo, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ ọ́ kò gbọ́ ikọ́ tí mo gbọ́.

Ọmọ Màmá, tí wọ́n bí síbí, pé ọdún 46 lọ́dún yìí. Ó ní, “Àǹtí, bí mo bá wà ní Táíwánì ni, wọ́n á ti yẹ̀ mí wò.” Ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ ti fèsì pé kò kún ojú ìwọ̀n nítorí pé kò mu sìgá rí. Ó ti ń tọ́jú owó láti san án fúnra rẹ̀, ó sì ti fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà ara fèrèsé ilé ìdáná kúrò títí ó fi ṣí.