Ẹ má ṣa ẹ̀wà lórí iná: ohun tí ojú mi rí nídìí títún kóòdù ṣe

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa ní ọ́fíìsì, mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín lẹ́yọ lẹ́yọ, ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ pa pọ̀.

Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iléeṣẹ́ kan ní Yábàá ni mo wà, áàpù la ń ṣe fún àwọn dispatch tó ń fi ọ̀kadà gbẹ́rù kiri. Kóòdù tó ń ṣírò owó ẹrù ti dọ̀tí gan-an, fáìlì kan ṣoṣo tó ju ìlà 4,000 lọ, orúkọ mẹ́ta ni wọ́n ń pe nǹkan kan náà níbẹ̀. Inú ń bí mi sí i. Mo ṣí branch kan nínú git (git ni irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà kóòdù, branch sì ni ẹ̀dà téèyàn ń ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́tọ̀), mo ti ara mi mọ́ inú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mò ń yí orúkọ padà, mò ń kó function (ègé kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan) láti fáìlì kan sí òmíì, mò ń to space, ibi tí mo bá sì ti rí i pé ìṣirò ò dáa mo tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, gbogbo ẹ̀ wá di commit kan, ìyẹn àyípadà tá a fi pa mọ́ sínú git lẹ́ẹ̀kan náà. Fáìlì 130. Ọ̀gá mi wò ó, ó ní ó dáa, ẹ ò sì lè dá a lẹ́bi torí kò sẹ́ni tó lè ka irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tán.

Ọjọ́ kejì tá a gbé e jáde, ẹrù tó ń ti Yábàá lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó ń gba owó ẹrù tó ń lọ sí Ṣómólú. Àwọn dispatch gbẹ́rù dé Ìdúmọ̀tà, wọ́n dé Ọbaléńdé, owó epo tí wọ́n jó ju ohun tí áàpù san fún wọn lọ. Owó oúnjẹ ni fún wọn, ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

A sáré gbé git bisect jáde, òun ló ń bá èèyàn wá commit tó ba nǹkan jẹ́. Ẹ máa sọ commit kan tí nǹkan ṣì dáa fún un, ẹ sọ èyí tó ti bàjẹ́, á gbé yín lọ sáàárín, ẹ dán an wò, á tún pín ìyókù sí méjì. Bí commit bá tó 1,000, bí ìgbà 10 péré lẹ máa dán nǹkan wò kó tó mú èyí tó ṣẹ̀. Kò pẹ́ tó fi mú tèmi. Àmọ́ kí ló fẹ́ ṣe fún wa, nígbà tó jẹ́ pé ìlà kan ló bàjẹ́ nínú fáìlì 130? A ò lè git revert ẹ̀ (ìyẹn ká fagi lé e), àwọn yòókù ti kọ́lé lé e lórí. Wọ́n mú iná lọ, a tan jẹnẹrétọ̀, ilẹ̀ ṣú, a ò rí i. Ọjọ́ kejì la tó rí i: ìgbà tí mo ń gbé function kan lọ sí fáìlì tuntun ni mo ti pààrọ̀ ibi tí ẹrù ti ń bọ̀ mọ́ ibi tó ń lọ.

Ìyá mi máa ń ṣa ẹ̀wà tán lórí atẹ kó tó gbé e kaná, kò sígbà tó ń ṣe méjèèjì pọ̀. Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ báyìí nìyẹn. Kíkó nǹkan láti ibì kan síbòmíì, commit tiẹ̀ lọ́tọ̀. Orúkọ yíyípadà, lọ́tọ̀. Títún ìṣirò ṣe, lọ́tọ̀ pátápátá, tí mo bá sì rí bọ́gì (àṣìṣe inú kóòdù) nígbà tí mò ń ṣa ẹ̀wà, inú ìwé ni mo máa kọ ọ́ sí, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ rárá, mo á kọ test, ìyẹn kóòdù tó ń dán kóòdù wò, tó máa di ohun tí kóòdù yẹn ń ṣe lónìí mú, kódà bí ohun tó ń ṣe ò bá dáa. Tó bá ti dà pọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, git add -p á jẹ́ kẹ́ẹ yà á sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ yín wò lè lo git diff --color-moved, á fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ kun ìlà tó kàn ṣípò, ká ní commit mi ṣe é kà ni, ìlà tí mo pààrọ̀ yẹn ì bá yọrí síta gbangba. Ẹ sì rántí pé git kì í kọ ọ́ síbì kan pé fáìlì yí orúkọ padà, ṣe ló ń fi wọ́n wéra, tí wọn ò bá ti jọra tó ìdajì, á kà á sí fáìlì tuntun, ìtàn ẹ̀ á já.

Git fúnra ẹ̀ la ti lè rí i kọ́. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 2005, SHA-1 ló ń lò láti ṣírò àmì ìdánimọ̀ fún ohun tó bá tọ́jú, báìtì 20 ni àmì náà, nọ́ńbà 20 yẹn sì wà káàkiri kóòdù ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kúrò níbẹ̀, wọn ò dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe àpò kan tí wọ́n pè ní struct object_id, báìtì 20 àtijọ́ náà ló ṣì wà nínú ẹ̀, wọ́n wá ń yí function sórí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó ń lo git ò mọ̀ pé nǹkan kan ń lọ. Wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀ nígbà tí Google àti CWI, iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Amsterdam, gbé fáìlì PDF méjì tí SHA-1 wọn jẹ́ ọ̀kan náà jáde lọ́dún 2017, èyí tó fi hàn pé SHA-1 ò ṣe é gbára lé mọ́. Git 2.29 ti ọdún 2020 ló wá lè fi SHA-256, èyí tó lágbára ju SHA-1 lọ, ṣiṣẹ́, láti fi dán an wò. Bí wọ́n ṣe yí rebase (àṣẹ git tó ń tún commit tò sórí òmíì) láti èdè shell sí èdè C náà nìyẹn, ní git 2.20 wọ́n ṣì fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fẹ́ni tí tuntun bá yọ lẹ́nu. Èyí wú mi lórí ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Fáìlì tó ń ṣírò owó níbi tá a wà yìí náà, láti January la ti ń ṣa á, commit méjì mẹ́ta lọ́sẹ̀. Function 11 ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọ̀kan, kó wá bá mi láàárọ̀ Mọ́ńdè, test ẹ̀ la máa kọ́kọ́ jọ kọ.